Láti aṣálẹ̀ dé orí òkè yìnyín: bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe lè fẹsẹ̀ rin Pacific Crest Trail

Aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá mi máa ń dìde yan gààrí nígbà tí a wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó máa ń sọ pé iná kan ṣoṣo ló yẹ kí èèyàn bá jà lójúmọ́; ẹni tó bá jẹ́ kí oòrùn bá òun nídìí agbada ti fọwọ́ ara rẹ̀ pe iná kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé California. Òun ló mú mi la aṣálẹ̀ já, òun náà ló sì mú mi kọjá lórí yìnyín. Tí ẹ ò bá tiẹ̀ mú nǹkan mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú ìdájí. Nínú aṣálẹ̀, ìdájí ni ilẹ̀ ṣì tutù. Lórí òkè, ìdájí ni yìnyín ṣì le tó láti gbé èèyàn dúró. Ẹni tó bá ń sùn di aago mẹ́jọ, ìyà yóò jẹ ẹ́ níbi méjèèjì.

Ọ̀nà tí mò ń sọ ni Pacific Crest Trail, PCT lẹ́nu àwọn tó ń rìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Campo, ìlú kékeré kan lẹ́nu ààlà Mẹ́síkò, ó gba California, Oregon àti Washington kọjá, ó sì parí sí Kánádà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 4,265. Ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọ̀nà ẹsẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ọdún 1993 ni wọ́n tó kéde pé iṣẹ́ parí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán yóò lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni èmi fẹ́ mú yín gbà, torí òun ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn: láti Campo la aṣálẹ̀ já dé Kennedy Meadows, nǹkan bíi kìlómítà 1,130, lẹ́yìn náà gun àwọn òkè yìnyín tí wọ́n ń pè ní Sierra Nevada títí dé Tuolumne Meadows nínú Yosemite, ọgbà ìjọba àpapọ̀ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 1,515. Oṣù méjì ààbọ̀ ni èmi àti àbúrò mi fi rìn ín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún, tí ìwé yín sì pé, ni mo kọ èyí fún jù lọ. Ẹni tó wà nílé, ọ̀rọ̀ físà ni kó kọ́kọ́ yanjú kó tó ra okùn bàtà. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n sọ físà ìbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta. Òfin tún le sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ má ṣe gbọ́ ti ajẹ́ńtì. Ohun tó wà lójú ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san owó ni kí ẹ kà.

Ìwé ìyọ̀ǹda ọ̀nà náà kò gba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ Pacific Crest Trail Association ló ń fún ẹni tó bá fẹ́ rìn tó máìlì 500, ìyẹn kìlómítà 800, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 50 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ láti ààlà Mẹ́síkò, láàárín ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì tún ṣí i ní oṣù Kìíní. Ó máa ń tán kíá, nítorí náà ẹ ti jókòó ti kọ̀ǹpútà kí aago tó lù. Ẹ tún gba ìwé ìyọ̀ǹda iná ti California, ọ̀fẹ́ lòun náà. Láìsí i, ẹ ò gbọdọ̀ tan sítóòfù lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ tí ẹ ó gbéra

Bí ọjọ́ ṣe ní ìdájí ni ọdún náà ní ìdájí tirẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta yóò bá yìnyín tó dì bí òkúta lórí òkè San Jacinto, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní aṣálẹ̀, á sì dé Sierra nígbà tí ibẹ̀ kò tíì ṣeé wọ̀. Ẹni tó bá gbéra ní ìparí oṣù Karùn-ún, oòrùn á jó o, ọ̀pọ̀ ìsun omi á sì ti gbẹ kó tó débẹ̀. Àárín oṣù Kẹrin sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Karùn-ún ló dára jù. Ní ìṣirò yẹn, àárín oṣù Kẹfà ni ẹ ó dé Kennedy Meadows, nígbà tí yìnyín Sierra ti ń rẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kò rí bákan náà. Ìjọba California máa ń wọn yìnyín orí òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, torí ìgbà yẹn ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹ wá iye tí wọ́n wọ̀n, kí ẹ fi wé ti àwọn ọdún tó ṣáájú. Ní 2023, yìnyín pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn fo Sierra, wọ́n lọ rin apá àríwá ná, wọ́n wá padà síbẹ̀ nígbà tó yá. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìgbáradì nílé

Ilẹ̀ wa kò ní òkè ńlá. Ohun tí a ní ni Erédò Ṣùǹgbọ́, n kò sì mọ ibi ìdánrawò tó dára jù ú lọ. Yàrà àti òkìtì náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó òkìtì tó mítà 20. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ará abúlé, kí ẹ mú ẹni tó mọ̀nà níbẹ̀ dání, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ibi tí wọ́n bá ní ẹ kò gbọdọ̀ tẹ̀, pàápàá lápá Òkè-Ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa gòkè, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹrù tí ẹ ó gbé, ẹ má ṣe dààmú ara yín lórí rẹ̀. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl. Kìlógíráàmù 10 gééré nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kó ọ̀rá mẹ́wàá sínú báàgì ẹ̀yìn. Ẹ máa fi méjì-méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé ọ̀rá 30. Tí ẹ bá ti gòkè tán, tí orúnkún sì ń pariwo, ẹ pín omi náà fún àwọn ọmọ tí ẹ bá pàdé, kí ẹ fi báàgì fúyẹ́fúyẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwa máa ń kúrò nílé ní aago márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé, tí aago mẹ́sàn-án bá fi lù, a ti ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Ẹni tó bá láǹfààní láti lọ sí Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ wà níbẹ̀, kó lọ gùn ún.

Nǹkan méjì ni Ìjẹ̀bú kò lè kọ́ yín: gíga àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ti afẹ́fẹ́, ẹ ronú ọyẹ́ tó mú jù lọ tí ẹ ti rí, kí ẹ wá ronú pé kò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Níbí, tí èèyàn bá ń làágùn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á mọ̀ pé omi ń jáde. Lọ́hùn-ún, òógùn ń gbẹ kó tó yọ. Ojú rẹ gbẹ, ẹ̀yìn rẹ gbẹ, o rò pé ara rẹ dá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi tí mo rí iyọ̀ funfun tó là káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀ bí máàpù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mu omi ní ìwọ̀n aago, n kò dúró de òǹgbẹ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹrù

Àgọ́ fífúyẹ́, àpò ìsùn tó lè gba òtútù tó bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ẹní ìsùn, asẹ́ omi, iná orí (tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí), aṣọ òjò, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ kún, ìbọ̀wọ́, fìlà tó ní etí gbòòrò, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, páwà báńkì. Láìka omi àti oúnjẹ, ẹ sapá kó má ju kìlógíráàmù 9 lọ. Gbogbo lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, aṣálẹ̀ yóò sì ní kí ẹ gbé mẹ́fà nígbà mìíràn.

Bàtà: kì í ṣe búùtù tó wúwo. Bàtà eré sísá orí ilẹ̀ líle ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀. Ẹ rà á kó tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ díẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú, kí ẹ sì mọ̀ pé bàtà kan kò lè ju kìlómítà 800 lọ kó tó kú. Tí ibì kan bá ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tú bàtà, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìléròrò tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún dènà lónìí lè gba ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ yín tó bá di ọ̀la.

Fóònù ni máàpù. Ọ̀pọ̀ ń lo áàpù FarOut, níbi tí àwọn tó wà níwájú ti máa ń kọ ọ́ bóyá omi wà tàbí kò sí. Ẹ gba gbogbo máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílùú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí. Ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, bíi Garmin inReach, wọ́n lówó, àmọ́ ẹ rà á. Ìyá yín á sùn lóru.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oúnjẹ, níbi tí Ìjẹ̀bú ti borí

Àwọn tó ń rin ọ̀nà yìí ń ná owó ńlá lórí oúnjẹ gbígbẹ tó fúyẹ́, tí kò ń bàjẹ́, tí a lè fi omi tútù rẹ. Ẹ̀yin ọmọ Alárè, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe yẹn? Gààrí Ìjẹ̀bú ni. A ti fi í sílẹ̀ kó kan, a ti fún un gbẹ, a ti yan án títí tó fi ń dún kàràkàrà lábẹ́ eyín. Gíráàmù 100 rẹ̀ ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 360. Ẹ̀pà súnmọ́ 570. Ara tó ń gbé ẹrù rin kìlómítà 30 lójúmọ́ lè béèrè kálórì 4,000, nítorí náà gààrí nìkan kò tó: ẹ fi ẹ̀pà, kúlíkúlí, wàrà oníyẹ̀fun àti ṣúgà sí i. Nínú aṣálẹ̀, ọ̀sán gangan, lábẹ́ òjìji igi kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àyíká, mo da gààrí sínú ike, mo da omi tí mo ti sẹ́ lé e, mo fọ́n iyọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀pà sí i. Ọmọ Jámánì kan tó jókòó tì wá ń fi sítóòfù jà pẹ̀lú ìjì. Ó wo ike mi, ó béèrè pé kí nìyẹn. Mo bù fún un. Ní ìlú tó tẹ̀ lé e, ó bi mí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ní Los Angeles. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e láti ilé, ẹ sọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ má sì gbé ẹran kankan, ìbáà jẹ́ kílíṣí. Wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ di gààrí sínú ọ̀rá méjì-méjì, ẹ fún ẹnu rẹ̀ pa.

Lórí òkè, ẹ̀bà gbígbóná ni ara máa ń béèrè. Ẹ mọ èyí ṣáájú: bí a ṣe ń gòkè ni omi ń yára hó, ooru rẹ̀ sì ń dínkù. Ní mítà 3,000, omi ń hó ní nǹkan bíi 90°C. Ẹ da gààrí sí i, ẹ bò ó, ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó rò ó. Ọbẹ̀ tí a fi ẹja gbígbẹ, ata gígún àti ìrú gbígbẹ sè la fi jẹ ẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni mo ń sunkún fún.

Ẹrù oúnjẹ tí ẹ kò lè gbé tán, ẹ fi ránṣẹ́ síwájú sí pósí ọ́fíìsì àwọn ìlú kékeré lójú ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù, kí ẹ kọ "General Delivery", ìyẹn ni pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè yín, kí ẹ wá kọ orúkọ ìlú àti nọ́ńbà pósí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rò pé ẹ ó dé sí i lára.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: aṣálẹ̀

Ẹ mú Sàhárà kúrò lọ́kàn. Aṣálẹ̀ ibí yìí kún fún igbó kúkúrú, ẹ̀gún àti òkúta, ó sì ń gùn, ó ń sọ̀. Lórí San Jacinto, ẹ ó gòkè kọjá mítà 2,700, ẹ ó wá sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko sínú ooru tó wà nísàlẹ̀, láìrí omi ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Orúnkún tí a fi Erédò tọ́ nìkan ló máa gbà á.

Bí ọjọ́ wa ṣe ń rí nìyí. A ń jí ní aago mẹ́rin. Aago márùn-ún, a ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú iná orí. A ń rìn títí di aago mọ́kànlá, a ó wá wá òjìji. Tí kò bá sí igi, a ó fi aṣọ àgọ́ ṣe é. A ó sùn, a ó jẹ gààrí, a ó tún ẹsẹ̀ ṣe. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó tún dìde, ó di aago mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń rìn láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ń fi lítà omi méjì ra ìrìn tí lítà kan máa gbé e dé ní ìdájí.

Ìṣirò omi: lítà kan fún kìlómítà mẹ́jọ tí oòrùn kò bá mú, lítà kan fún mẹ́fà tí ó bá mú, ká fi lítà kan kún un fún oúnjẹ alẹ́ tí ẹ kò bá ní sùn létí omi. Kí ẹ tó kúrò níbi omi kan, ẹ mu tó lítà kan sínú ná. Ikùn kò ní báàgì tó ń dun èjìká. Ẹ má fi omi lásán nìkan lé òǹgbẹ: ẹ gbé iyọ̀ ORS dání, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ń ṣu. Orí fífọ́, inú rírú, ara tó dẹ́kun òógùn, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara lẹ́nu: ẹ dúró, ẹ wá òjìji, ẹ fi omi tútù ra ọrùn àti abíyá, ẹ má tún dìde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má sì ṣe gbọ́kàn lé omi tí àwọn aláàánú máa ń gbé sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá wà, ẹ dúpẹ́. Àmọ́ ẹ ṣírò bíi pé kò sí.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 830 tàbí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà bọ́ sínú àfonífojì Antelope, ó sì ń bá ọ̀nà omi ìlú Los Angeles lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ewé kan. Omi tí odindi ìlú ń mu ń lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín nínú páìpù, ẹ kò sì lè fọwọ́ kàn án. Òru la fi rìn ín. A gbéra ní aago méje alẹ́, òṣùpá yọ, a rí àwọn igi Joshua tí wọ́n na apá sókè bí ẹni ń gbàdúrà. Àbúrò mi ń kọrin jẹ́jẹ́ kí oorun má bàa gbé e. Kìlómítà 27 ni a rìn kí ilẹ̀ tó mọ́, lítà mẹ́ta péré la sì mu lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ejò ibẹ̀ ń mi ìrù bí ẹni mi ṣẹ́kẹ́rẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wá a lójú, ẹ rọra padà sẹ́yìn. Ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Ẹ tú bàtà gbọ̀n láàárọ̀ nítorí àkeekèé. Ewéko kan tún wà tó máa ń hù níbi tí iná ti jó igbó, tó ní òdòdó àlùkò, tó sì rọ̀ lójú. Ẹ ṣe é bí wèrèpè: ẹ má kàn án, ẹ má fi aṣọ gbá a.

Ìgbẹ́ yín, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ní mítà 60 sí omi, ẹ bò ó. Bébà rẹ̀, ẹ gbé e lọ nínú ọ̀rá.

Ìgbésẹ̀ keje: Kennedy Meadows, pààrọ̀ ẹrù

Ibí yìí ni aṣálẹ̀ ti fi yín lé òkè lọ́wọ́. Ẹ sinmi ọjọ́ méjì. Ẹ gba àwọn nǹkan tí ẹ ti fi ránṣẹ́: ìrin eléyín tí a ń fà wọ bàtà, àáké yìnyín, aṣọ tó nípọn, àti agolo béárì. Agolo yìí jẹ́ ike líle tí béárì kò lè ṣí. Inú rẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ, ọṣẹ àti ìpara máa wà lálẹ́, níbi tó jìnnà sí àgọ́. Òfin ni ní apá tó pọ̀ nínú Sierra, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sì máa ń béèrè rẹ̀. Ìlú tí ẹ ó ti tún oúnjẹ rà ni Independence, ẹ ó sì rìn tó kìlómítà 140 kí ẹ tó yà kúrò lójú ọ̀nà gba Kearsarge Pass lọ síbẹ̀ (Pass ni wọ́n ń pe ibi tí a ti ń sọdá òkè). Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ ni kí ẹ gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: yìnyín

Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, jẹ́ mítà 2,419. Forester Pass, tí ẹ ó gbà kọjá, jẹ́ mítà 4,009, òun ló sì ga jù ní gbogbo PCT. Afẹ́fẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú gòkè; ẹ sùn síbi tó rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹ gùn dé lọ. Orí fífọ́ díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Àmọ́ tí orí bá ń fọ́ tí èébì sì tẹ̀ lé e, ẹ má gòkè sí i. Tí ẹnìkan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Yìnyín tó ti rọ̀ láti ìgbà òtútù máa ń yọ́ lójú oòrùn, á sì tún dì lóru. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀, ó le. Ìrin eléyín á gún un, ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ti di bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò tíì dì. Ẹsẹ̀ á wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, dé itan.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà mo fẹ́ sọ ti Glen Pass. Òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbóná díẹ̀." Mo gbà. A po tíì, a tún sùn. Aago mẹ́jọ la gbéra, aago kan ọ̀sán la gun orí òkè náà dé. Nígbà tí a ń sọ̀ lápá kejì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta á dúró, ìkẹrin á rì. Ẹsẹ̀ mi wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan, níbi tí yìnyín ti ṣófo lábẹ́, òkúta náà sì bó mi lójúgun. Ẹ̀jẹ̀ pupa lórí funfun. N kò lè fa ẹsẹ̀ yọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ yìnyín kúrò lára bàtà mi bí ẹni ń wa iṣu, ó ń bẹ̀ mí, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Wákàtí mẹ́rin la fi rin kìlómítà mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, aago mẹ́ta ààbọ̀ la ń jí, àwọn aṣọ wa la sì ń wọ̀ sùn kó má bàa sí àwáwí.

Bí ẹ ó ṣe rìn ín nìyí. Ẹ sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ òkè lálẹ́, kí ẹ lè dé orí rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ di àáké yìnyín mú ní ọwọ́ tó wà lápá òkè. Ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ẹ tó nílò rẹ̀: ẹ wá ibi tó dà díẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú láìní òkúta, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀, kí ẹ yí ara dojú bolẹ̀, kí ẹ fi gbogbo ìwúwo àyà tẹ ẹnu àáké wọ inú yìnyín. Ẹ ṣe é nígbà ogún. Lábẹ́ góńgó Forester, lápá gúúsù, ibi tóóró kan wà tí yìnyín ti dà gan-an, tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gbà kọjá. Kò gùn, àmọ́ kò sí àyè àṣìṣe. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀ ẹni: ẹ gba ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹsẹ̀ sínú ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá, ẹ má wo ìsàlẹ̀.

Ẹ má gbọ́ pé oòrùn kì í jó awọ dúdú. Yìnyín ń dá ìmọ́lẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n àti ihò imú mi ló jó. Ẹ fi ìpara síbẹ̀. Gíláàsì dúdú tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ má bọ́ ọ, torí ojú tí yìnyín bá jó lè má ríran fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò sì máa ta bí ìgbà tí ata bá wọ̀ ọ́. Asẹ́ omi yín, ẹ gbé e sínú àpò ìsùn pẹ̀lú yín lálẹ́. Tí omi inú rẹ̀ bá dì, ó ti bàjẹ́, ojú kò sì lè rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: odò

Odò yìnyín bà mí lẹ́rù ju òkè lọ, ó sì yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ní 2017, ọdún tí yìnyín pọ̀ púpọ̀, obìnrin méjì tó ń rin PCT ni odò gbé lọ ní Sierra, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yìnyín tó ń yọ́ lọ́sàn-án ló ń wọ inú odò, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni odò ń kún jù, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló sì máa ń fà. Odò tó dé itan ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lè má ju orúnkún lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ pàgọ́ sí bèbè rẹ̀, ẹ dúró.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ rìn lọ sókè sódò kí ẹ wá ibi tó fẹ̀. Ibi tó fẹ̀ kì í jìn. Ẹ wo ohun tó wà níwájú, níbi tí omi ń ṣàn lọ: tó bá jẹ́ ìtàkùn, igi tó wó tàbí ibi tí omi ti ń já bọ́, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ tú okùn ìbàdí àti ti àyà báàgì, kí ẹ lè jù ú nù tí omi bá gbé yín ṣubú. Ẹ wọ bàtà. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti kọjá itan tí ó sì ń sáré, kò ṣeé gbà. Ẹ padà. Àwa padà lẹ́ẹ̀mejì, a sùn, a gbà á láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Tuolumne

Lẹ́yìn Independence, Mammoth Lakes ni ẹ ó ti tún oúnjẹ rà, láti Reds Meadow nítòsí rẹ̀ dé Tuolumne Meadows kò sì ju kìlómítà 60 lọ. Ọ̀nà rọ̀ níbẹ̀, pápá tutù ló pọ̀, ẹ̀fọn sì pọ̀ ju ti odò Ọ̀ṣun lọ. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀síwájú sí Kánádà kò gbọdọ̀ dá agolo béárì padà síbẹ̀, kó gbé e dé Sonora Pass. Ẹni tó fẹ́ dúró, kó wá pósí ọ́fíìsì, kó fi àáké àti agolo ránṣẹ́ sílé. Kí ẹ wo ọjọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ o: ọjọ́ Sunday wọn kì í ṣí. Tiwa bọ́ sí ọjọ́ náà. A jókòó síta lórí òkúta, a tú bàtà, a na ẹsẹ̀ sí oòrùn, a sì da gààrí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ọ̀rá sínú ike kan ṣoṣo, àbúrò mi mú ṣíbí kan, èmi náà mú ọ̀kan.